Aṣọ Ìkíni Káàbọ̀ fún Tanner

Ọdún mẹ́fà ni ẹ̀rọ tó ń gé rọ́bà alálẹ̀mọ́ náà fi wà nínú páálí lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé kí Lavonne Stokes tó gbé e jáde. Ọjọ́ Ajé ni. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni wọ́n máa dá Tanner sílẹ̀ lẹ́wọ̀n. Ó nu eruku ara páálí náà, ó gbé e sórí tábìlì ilé ìdáná, ó sì lọ pe Shelby, aládùúgbò rẹ̀, wá.

Ìpínlẹ̀ Idaho ni Shelby ti kó wá sí Yútà, ní Amẹ́ríkà níbẹ̀, nígbà òtútù tó kọjá. Kò sí ohun tí kì í fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ gé: orúkọ tó ń lẹ̀ mọ́ ife, òdòdó tó ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn, ẹranko tó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀wù àwọn ọmọ rẹ̀.

“Haà, Arábìnrin Stokes! Tuntun gbáà rèé! Ẹ rà á, ẹ ò sì tú u?”

“Mo fẹ́ fi ṣe nǹkan fún ẹnì kan nígbà náà ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ló wá ṣẹlẹ̀.”

Shelby ò bi í pé ọ̀rọ̀ wo. Lavonne ti sọ fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì pé òun ń lọ pàdé Tanner lẹ́nu géètì, òun sì fẹ́ mú aṣọ gígùn kan dání tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀. Nínú ìjọ wọn, ọmọ tó bá lọ wàásù lókè òkun fún ọdún méjì ni wọ́n ń ta irú aṣọ bẹ́ẹ̀ dè ní pápákọ̀ òfuurufú. Kò sẹ́ni tó tíì gbé e lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n rí ní àdúgbò wọn.

“Ọmọ yín á yọ̀,” ni Shelby wí.

Lavonne ń tú okùn iná ẹ̀rọ náà.

“Ó dáa, ẹ gbọ́. Ẹ kọ́kọ́ gé ègé kékeré wò, kí ẹ mọ bí abẹ ṣe jìn tó. Rọ́bà ló gbọ́dọ̀ gé, kò gbọdọ̀ gé ọ̀rá tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ojú tó ń dán ni kẹ́ ẹ dà dé orí ẹní alátè yìí. Èyí tó wá jù: ẹ yí ọ̀rọ̀ náà sódì lórí kọ̀ǹpútà kẹ́ ẹ tó gé e, bí ẹni ń wò ó nínú dígí. Tẹ́ ẹ bá fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ, á wá dúró dáadáa.”

“Mo ti gbọ́.”

“Gbogbo wa la máa ń sọ pé a ti gbọ́! Lọ́jọ́ ìbí ọkọ mi, mo gbàgbé. Orúkọ òdì ni bàbá náà gbé sáyà kiri látàárọ̀ dalẹ́.”

Verl, ọkọ Lavonne, wọlé wá bu omi. Ó rí ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà, ó sì gbé ife kalẹ̀ láìmu.

“Lavonne, mo ní mi ò fẹ́ rí orúkọ yẹn nínú ilé yìí.”

“Ọdún mẹ́fà nìyí, Verl.”

“Kó jẹ́ ọgọ́ta. Bó bá gba iwájú wọlé, èmi á gba ẹ̀yìn jáde.”

Ó jáde. Shelby fọwọ́ lé èjìká Lavonne.

“Ẹ má dá Arákùnrin Stokes lóhùn. Bàbá ni. Inú bàbá kì í tètè rọ̀.”

“Kì í rọ̀ lóòótọ́.”

“Ṣé Tanner máa ń kọ lẹ́tà sí yín?”

“Èmi ni mò ń kọ, lóṣooṣù. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mò ń bi í. Kò dáhùn rí. Mo fẹ́ kó jókòó, kó jẹun, kó dá mi lóhùn. N ò wá nǹkan mìíràn láyé mọ́.”

“Kí lẹ máa sè fún un?”

“Ọ̀dùnkún oní-wàràkàṣì.”

“Èyí tẹ́ ẹ máa ń gbé lọ sílé ọ̀fọ̀? Ẹ̀yin ará ibí mà ga o!” Shelby rẹ́rìn-ín títí.

Lọ́jọ́rú, Lavonne nìkan gé e. Ó fi ìkọ́ kékeré yọ rọ́bà tí kò nílò láàárín lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ, ó ṣí ọ̀rá kúrò. Òdì ni. Ó ti gbàgbé láti yí i. Rọ́bà pupa tó ní sì ti tán. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé. Verl gbọ́ ọ láti yàrá kejì, kò wá.

Shelby fún un ní rọ́bà aláwọ̀ ewé. Ẹní náà ò lẹ̀ mọ́, wọ́n fi tàwẹ́lì olómi tí wọ́n fi ń nu ìdí ọmọ nù ún, wọ́n sì tún un ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí, ó dúró dáadáa: KÁÀBỌ̀ SÍLÉ, TANNER.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Shelby ló wa mọ́tò. Ọkùnrin mẹ́ta ló kọ́kọ́ jáde, àwọn èèyàn wọn sì dì mọ́ wọn. Tanner ló kẹ́yìn. Ó ti rù, ẹrù rẹ̀ wà nínú ọ̀rá kan. Kò sẹ́lòmíì tó wá pàdé rẹ̀. Ó ka ohun tó wà lára aṣọ náà, ó wo ojú Lavonne, ó sì dúró síbẹ̀.

“Máa bọ̀, jàre!” Shelby ń pariwo. “Màmá ẹ rèé!”

“Wá ká lọ jẹun,” ni Lavonne wí. “Bóo bá ti lè dá mi lóhùn, ó parí. Mi ò bínú mọ́.”

Tanner sún mọ́ wọn díẹ̀díẹ̀. Ilẹ̀ ló ń wò.

“Arábìnrin Stokes,” ó ní, “ohun tí ọmọ yín sọ kẹ́yìn nínú mọ́tò mi kí n tó fi pa á lọ́jọ́ yẹn ni pé kí n jọ̀ọ́ dúró, kí òun sọ̀ kalẹ̀, mo sì fi í rẹ́rìn-ín.”