Ọwọ́ Òsì Inú Fídíò

Tí ilé-ìwé bá ti gba ọlidé, òwò pọ́fù-pọ́fù a dákẹ́ ní Okokomaiko. Àwọn ọmọ tó ń rà á láàárọ̀ ti wà nílé, wọ́n dojú kọ fóònù. Ohun kan ṣoṣo tó lè gbé Mùsítúrà dé ìgbà tí ilé-ìwé yóò tún wọlé ni lẹ́sìn sọ́mà, ẹ̀kọ́ àkókò ọlidé, tí Àǹtí Fisáyọ̀ ń ṣe ní Ìyànà Ìbá, níbi tí wọ́n ti ń ra ìpápánu fún gbogbo ọmọ. Òun àti Fẹ́yìsetán, tó ń dín tirẹ̀ ní òdìkejì títì, ni wọ́n jọ ń dù ú. Àǹtí Fisáyọ̀ ní òun ṣì ń rò ó.

Mùsítúrà kò ní ohunkóhun sí Fẹ́yìsetán àfi ọwọ́ rẹ̀. Alọ́wọ́-òsì ni. Fọ́ọ̀kì ló fi ń mú pọ́fù-pọ́fù, tó bá sì ń nawọ́ sí àgbàlagbà, á kúnlẹ̀ díẹ̀: "Ẹ má bínú o, ọwọ́ àlàáfíà ni." Mùsítúrà a yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọwọ́ tí a fi ń ṣan ìdí, ẹ ní kí wọ́n fi fún èèyàn lóúnjẹ!

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò kò jẹ́ kí oníbàárà jáde, Mojí onídìrí, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti ibi tí Mùsítúrà ń dáná, jókòó ó ń wo fídíò.

"Ẹ wo ewúrẹ́ yìí, Ìyá Nàfísàt. Ó ń jó!" Ó rẹ́rìn-ín títí. "Mo rí i lánàá, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń gbé nígbà yẹn. Òsì ló ń gbé báyìí. Wọ́n ti yí i sódì. Bí wọ́n ṣe ń jí fídíò ara wọn nìyẹn, kí ẹni tó ni ín má baà tètè mọ̀."

"Àwọn tí kò níṣẹ́," ni Mùsítúrà wí. Èéfín kó sí i lọ́nà ọ̀fun, ó wúkọ́, ó fi etí épírọ́nù nu imú. Tuntun ni épírọ́nù náà. Nàfísàt ọmọ rẹ̀ ló lọ bá a tẹ ọ̀rọ̀ sí i láyà.

"Yéè! Ẹ wá wo eléyìí. Wọ́n ní àdúgbò wa níbí ni o."

Obìnrin kan ló ń ta pọ́fù-pọ́fù nínú rẹ̀. Wọ́n ti fi àwòrán ojú tó ń rẹ́rìn-ín bo orí rẹ̀, wọ́n sì ti sọ gbogbo àwọ̀ di búlúù. Obìnrin náà lá ìka méjì, ó ya náílọ̀nù, ó gbé e sẹ́nu, ó fẹ́ ẹ títí tó fi wú, ó wúkọ́ sínú rẹ̀, lẹ́yìn náà ó wá fi ọwọ́ kó pọ́fù-pọ́fù sí i fún oníbàárà. Ọwọ́ òsì ni.

Itọ́ kún Mùsítúrà lẹ́nu. Ó dìde, ó lọ tu ú sí gọ́tà. "Astagfirulai! Itọ́ ni wọ́n ń rà jẹ yẹn! Kí ni wọ́n kọ sí i láyà?"

Mojí na fóònù síwájú, ó fà á sẹ́yìn. "N ò lè kà á. Ó jọ èdè Ṣáínà."

Mùsítúrà, tó jẹ́ pé kéú nìkan ló kọ́ ní Ìsẹ́yìn, wò ó. Kì í ṣe kéú. "Ta lo mọ̀ tó ń fọwọ́ òsì ta pọ́fù-pọ́fù lójú títì yìí?"

Mojí wo òdìkejì. "Àmọ́ pépà ni Fẹ́yìsetán fi ń di tiẹ̀."

"Tó bá rí náílọ̀nù, kò ní lò ó? Fi ránṣẹ́ sí mi. Fi ránṣẹ́ sí gbogbo èèyàn."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, kò sí ọlọ́kadà tí kò tíì rí i. Ẹni tó ti sanwó fún Fẹ́yìsetán tẹ́lẹ̀ padà wá da pọ́fù-pọ́fù sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Fẹ́yìsetán sọdá títì, ó kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀.

"Ìyá Nàfísàt, ẹ gbà mí. Kì í ṣe èmi. Ẹ bá mi sọ fún wọn, wọ́n á gbọ́ tiyín."

Mùsítúrà kó ẹsẹ̀ kúrò kó má baà fọwọ́ kàn án. "Lọ fọwọ́ ẹ ná."

Lọ́jọ́ kejì, Fẹ́yìsetán kò dáná. Mùsítúrà ṣa èyí tó rí roboto jù nínú pọ́fù-pọ́fù rẹ̀. Ó lá ìka, ó ya náílọ̀nù, ó fẹ́ ẹ, ó kó o sí i, ó gba Ìyànà Ìbá lọ. Kò bọ́ épírọ́nù lọ́rùn, kí Àǹtí lè rí i pé onímọ̀ọ́tótó ni òun.

Àǹtí Fisáyọ̀ ti fi ọ̀kan sẹ́nu kí Mùsítúrà tó gbé fóònù fún un. Ó wo fídíò náà. Ó rọra gbé èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu.

"Ó mà kóni nírìíra o."

"Mo sọ fún yín! Ẹ fojú inú wò ó, kí ọmọ ọlọ́mọ máa jẹ irú ẹ̀gbin yẹn."

Àǹtí Fisáyọ̀ tún un wò. Ó gbójú sókè wo àyà Mùsítúrà, ó pẹ́ kó tó gbé ojú kúrò níbẹ̀. "Ìyá Nàfísàt, ẹ̀yin gan-an lẹ̀ ń pín in kiri?"

"Èmi ni. Ẹ̀rí ọkàn mi ò jẹ́ kí n dákẹ́."

Àǹtí Fisáyọ̀ tẹ ibì kan lójú fóònù, àwòrán náà yí padà, ọwọ́ òsì di ọwọ́ ọ̀tún, ó sì ń fi ìka tọ àwọn lẹ́tà tó wà láyà obìnrin náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kà wọ́n sókè bí ẹni ń kọ́ ọmọ jẹ́léósinmi: "Ì-yá Nà-fí-sàt."