Ẹsẹ̀ Tí Tidjani Fi Bàtà Bò Mọ́lẹ̀

Ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì. Ẹ kà á tán ná. Bí ẹnì kan bá ń lo oògùn nílé yín, ẹ pè é kó wá jókòó tì yín, kó máa gbọ́.

1.
Ní Alafiarou, lọ́nà Tchaourou níbí, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Tidjani. Àgbẹ̀ oníṣu ni. Bó bá ń kọ ebè, àwọn ọ̀dọ́ á dúró wò ó. Àrùn ìtọ̀ ṣúgà wá mú un. Dispensaire, ilé ìwòsàn kékeré ìlú wọn, fún un ní oògùn tí yóò máa lò láràárọ̀, ó ń lò ó, ara rẹ̀ sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ń tì í. Alágbára bíi tirẹ̀, kó máa gbé oògùn mì bí arúgbó.

Bó ṣe wà nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Awaou, fi dé láti Parakou. Ó kó ìyẹ̀fun inú ọ̀rá kéékèèké dání.

"Cellule souche nìyí," ni Awaou wí. "Òun ni irúgbìn ara. Ibi tó bá ti bàjẹ́ nínú rẹ, yóò hu tuntun síbẹ̀. Ìtọ̀ ṣúgà o, ẹ̀jẹ̀ ríru o, kò sí èyí tí kì í wò. Abẹ́ ahọ́n ni kí o máa dà á sí."

"Tata, oògùn dispensaire ńkọ́?"

"Méjèèjì ò lè gbé inú ara kan náà. Yan ọ̀kan."

Kadidjatou, ìyàwó Tidjani, ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Ọ̀rọ̀ kún un lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe é: ọkọ ni Awaou jẹ́ sí i. Ìyàwó ilé tó bá já ọkọ nírọ́, wọ́n á ní kò lẹ́kọ̀ọ́. Ló bá kúnlẹ̀, ó gbé omi fún àlejò.

2.
Tidjani da oògùn rẹ̀ sí ṣáláńgá. Níbẹ̀rẹ̀, ara rẹ̀ yá gágá, torí ẹni tó bá ń retí ìwòsàn, ara rẹ̀ á kọ́kọ́ yá. Kò padà lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Awaou ní kó wá jẹ́rìí fáwọn èèyàn.

Igi máńgò kan wà ní àdúgbò wọn tí àwọn àgbà ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń parí ìjà ààlà oko, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fọmọ fọ́kọ. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá sọ níbẹ̀, bí ẹni búra ni. Ẹni tó bá yí i padà, wọn ò ní pè é sí ìpàdé mọ́ títí yóò fi kú. Ibẹ̀ ni Tidjani dìde sí.

"Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ wò mí. Ìyẹ̀fun tí ẹ̀gbọ́n mi gbé wá ti wo ìtọ̀ ṣúgà mi. Ara mi ti dá ṣáká."

Seidou, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, tí àrùn kan náà ń bá jà, ló kọ́kọ́ nawọ́ gba ìyẹ̀fun.

"Ká ní kì í ṣe ìwọ lo sọ ọ́, mi ò ní gbà," ni Seidou wí. "Tata Awaou yìí, bó bá ní òjò ń rọ̀, màá kọ́kọ́ na ọwọ́ síta wò."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Tidjani náà rẹ́rìn-ín.

3.
Nígbà tí wọ́n ń ri igi sí iṣu, ọ̀kan gún Tidjani lẹ́sẹ̀. Ọgbẹ́ kékeré. Kò jinná. Ó wú, ó dúdú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rà. Tidjani wọ bàtà rọ́bà gígùn, kì í bọ́ ọ níta mọ́. Kì í lọ sí mọ́ṣáláṣí mọ́, torí àlùwàlá á tú u fó. Ó ní oko lòun ti ń kírun.

"Bàbá Zoulfath, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ sí Parakou," ni Kadidjatou ń bẹ̀ ẹ́.

"Kí n wá fi ojú wo àwọn àgbà báwo?"

"Ṣé àwọn àgbà ló ni ẹsẹ̀ yìí ni?"

"Ẹnu rẹ ti ń gùn jù. Lọ gúnyán."

Lọ́jọ́ kan, Seidou, tí òun náà ti fi oògùn tirẹ̀ sílẹ̀, wá bá a lóko. Ó ń fi ọ̀pá tọ́ ilẹ̀ wò kó tó gbé ẹsẹ̀.

"Tidjani, òùngbẹ ń pa mí. Ojú mi ń ṣú. Ṣé bó ṣe ṣe ìwọ náà nìyẹn kó tó san?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Ẹsẹ̀ Tidjani ń jẹrà nínú bàtà bó ti dúró yẹn. Ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ lójú.

"Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe mí. Ó ń fọ ara ni. Máa lá a lọ."

"O ṣeun. Àyà mi ti ń já."

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó pé, Seidou dákú nílé. Kò jí mọ́.

4.
Níbi ìrun òkú Seidou ni Tidjani ti ṣubú. Wọ́n bọ́ bàtà rẹ̀. Àwọn tó fọwọ́ ara wọn gbé òkú yí ojú kúrò. Wọ́n gbé e sáàárín èèyàn méjì lórí alùpùpù, ó di Parakou. Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà kọjá orúnkún.

Dókítà obìnrin tó tọ́jú rẹ̀ kò pariwo. "Cellule souche wà lóòótọ́," ó ní. "Àwọn ilé ìwòsàn ńlá ń lò ó fún àwọn àrùn ẹ̀jẹ̀ kan. Inú mùdùnmúdùn egungun ni wọ́n ti lè mú un, wọ́n á sì máa ṣọ́ aláìsàn lójú méjèèjì, síbẹ̀ ẹlòmíì kì í yè é. Kì í ṣe ìyẹ̀fun tí èèyàn ń lá. Oògùn tí ẹ dà nù yẹn ló ń gbé yín ró."

Wọ́n pe Awaou. Ó ní Tidjani ò gbà á gbọ́ tọkàntọkàn, ó sì pa fóònù. Wọ́n ní ìlú Bétérou ló ti ń ta ìyẹ̀fun rẹ̀ báyìí.

Nígbà tí Oumou-Kalsoum, ìyàwó Seidou, ṣe opó tán, ó wá sílé Tidjani. Wọ́n fún un ní àga, kò jókòó.

"Bàbá Zoulfath, ọjọ́ tí ọkọ mi wá bá yín lóko, ṣé ẹsẹ̀ yín ti ń rà?"

Tidjani dáhùn, "Ó ti ń rà."

"Ẹ sì mọ̀ pé kò san."

"Mo mọ̀."

Obìnrin náà kò bú u. Ó tún ìró rẹ̀ ró, ó bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tó bá ní kí ẹ fi oògùn dókítà sílẹ̀ nítorí ọjà tirẹ̀, ì báà jẹ́ ọmọ ìyá yín, ẹ lé e jáde. Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ dìde lórí ìkúnlẹ̀, kí ẹ sọ̀rọ̀. Wọ́n á ní ẹ ò lẹ́kọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wí i. Àti ìwọ tó ti jẹ́rìí sí oògùn lójú èèyàn, tí o sì ti mọ̀ pé kò ṣiṣẹ́: ẹnì kan ń lá a lọ́wọ́lọ́wọ́ yìí nítorí pé ìwọ lo sọ ọ́. Lọ sọ fún un lónìí, kí o tó jẹun.