Bámgbóyè Tí Kò Wẹ̀yìn Wò

Bámgbóyè jẹ́ ọkùnrin tí kò lè dúró de ẹnikẹ́ni. Níbikíbi tí wọ́n bá ti ń rìn, iwájú ló fẹ́ wà. Bí àìnísùúrù rẹ̀ bá sì ba nǹkan jẹ́, irọ́ ló fi ń bò ó mọ́lẹ̀. Ìwà méjèèjì yìí ló sọ ọ́ di ẹni ẹ̀tẹ́ ní Calgary, ní orílẹ̀-èdè Kánádà, lọ́dún 1986.

Ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀rọ ló ń kọ́ ní yunifásítì, inú basement kan, ìyẹn yàrá abẹ́ ilé, ní àdúgbò Falconridge ló sì ń gbé. Kò sí ọmọ Nàìjíríà tí kò mọ̀ ọ́n nítorí kẹ̀kẹ́ tó ń gùn. Bí snow bá ti yọ́ tán báyìí, yóò gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jáde, kò sì sẹ́ni tó lè bá a sáré létí odò. Àwọn òyìnbó pàápàá ń kan sáárá sí i. Ife-ẹ̀yẹ méjì ló ti gbà nínú ìdíje, ó sì ń wá ẹ̀kẹta.

Akínbámi ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ìyàwó rẹ̀, Motúnráyọ̀, wà nínú oyún oṣù mẹ́fà nílé wọn ní Abbeydale. Nígbà tí ọlidé fẹ́ parí, Bámgbóyè ní kí òun àti Akínbámi lọ fi kẹ̀kẹ́ yí erékùṣù kan ká nínú òkun tó wà níwọ̀-oòrùn. Èèyàn tó ń gbé ibẹ̀ kò tó igba. Òkúta àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni gbogbo ọ̀nà rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì péré sì ni ọkọ̀ ojú omi ń débẹ̀ lọ́sẹ̀, ní Ọjọ́rú àti Sátidé.

Motúnráyọ̀ bẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó lọ. "Bọ̀dá Bámgbóyè, ẹ mọ̀ pé kò lè sáré tó yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa dúró dè é."

"Ìyàwó wa, fọkàn ẹ balẹ̀. Bí mo ṣe mú un lọ ni màá ṣe mú un bọ̀."

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ dùn. Òjò dé ní Sátidé tí wọ́n fẹ́ wọkọ̀ padà. Ọ̀dọ̀ Bámgbóyè ni àwòrán ọ̀nà wà, òun náà ló di àgọ́ àti oúnjẹ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe jọ ṣàdéhùn pé yóò máa dúró ní oríta kọ̀ọ̀kan. Ó dúró ní èkíní, ó ń pòṣé. Nígbà tó dé èkejì, kò dúró mọ́. Ìdíje ń bọ̀ ní Calgary lọ́jọ́ Ajé, kò sì fẹ́ kí ọkọ̀ fi òun sílẹ̀. Ó ní Akínbámi á rí ipa táyà òun nínú ẹrẹ̀. Kò rántí pé òjò ń pa ipa rẹ́.

Ẹni tó wa ọkọ̀ lọ́jọ́ náà kọ́ ló gbé wọn wá. Ó bi í pé, "Ṣé ẹnì kankan ń bọ̀ lẹ́yìn?"

Bámgbóyè mọ̀ pé bí òun bá ní bẹ́ẹ̀ ni, wọn yóò dúró. "Kò sí," ló wí. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kò ṣeé kó mọ́.

Nígbà tó délé, ó sọ fún Motúnráyọ̀ pé ọkọ rẹ̀ bá àwọn òyìnbó kan pàdé, ó sì ní òun á bá wọn dúró di Ọjọ́rú. Lọ́jọ́ Ajé, ó gba ife-ẹ̀yẹ kẹta. Wọ́n gbé e sókè, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín, kò sì dárúkọ Akínbámi fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́rú kọjá, Akínbámi kò dé. Ní Ọjọ́bọ̀, Motúnráyọ̀ fúnra rẹ̀ pe èbúté erékùṣù náà lórí tẹlifóònù. Kò pẹ́ tó fi dé basement Bámgbóyè, ó ń mí hẹlẹ, ó fọwọ́ di ikùn mú.

"Wọ́n ní adúláwọ̀ kan ṣoṣo ló wọkọ̀ ní Sátidé. Wọ́n ní ó sọ pé kò sẹ́nì kankan lẹ́yìn òun." Kò pè é ní bọ̀dá mọ́. "Ibo lo fi ọkọ mi sí?"

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń lé e bá. Bámgbóyè jẹ́wọ́.

Wọ́n pe ọlọ́pàá. Ẹni tó gbé fóònù béèrè pé, "Níbo lẹ ti rí i kẹ́yìn?"

Bámgbóyè tẹ́ àwòrán ọ̀nà sílẹ̀, ó ń fi ìka tọ ọ̀nà náà. Ṣé kí wọ́n tó gun òkè ni? Ṣé lẹ́yìn afárá ni? Ó wá a lọ, ó wá a bọ̀ nínú orí rẹ̀. Kò mọ̀. Láti oríta kìíní, kò wẹ̀yìn wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Mi ò mọ̀," ló wí. Igbe tí Motúnráyọ̀ ké, gbogbo ará ilé gbọ́ ọ.

Nítorí pé kò mọ̀, gbogbo erékùṣù náà ni wọ́n ní láti wá. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi wá a nínú òjò àti kùrukùru, bàálù kò tilẹ̀ ríran. Bámgbóyè jókòó ti fóònù ní Abbeydale, kò lè jẹun. Nígbàkígbà tó bá ti dún, ẹ̀rù á bà á láti gbé e. Ó bẹ Ọlọ́run pé kó gba kẹ̀kẹ́ òun, kó gba ìwé tí òun ń kà, kó ṣáà dá Akínbámi sí.

Ní Sátidé, wọ́n rí i nínú kòtò jíjìn kan, ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà tí àwọn agégẹdú ti pa tì. Ó ti ṣìnà ní oríta kejì, bíréèkì rẹ̀ kò mú nínú ẹrẹ̀, ló bá ré sísàlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dá. Omi òjò ló ń fẹnu gbà mu. Ẹ̀mí rẹ̀ kò bọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà ti rà. Dókítà ní ká ní wọ́n ti tètè wá a ni, àwọn ì bá tún un ṣe. Wọ́n gé e lábẹ́ orúnkún.

Bámgbóyè lọ sí ọsibítù, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Mo rò pé nǹkan ló ṣe ọ́," ni Akínbámi wí. "Nínú kòtò yẹn, ìwọ ni mò ń gbàdúrà fún. Mo ní Ọlọ́run má jẹ́ kí Bámgbóyè kú sójú ọ̀nà. Dìde, máa lọ."

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ ń gun kẹ̀kẹ́ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé wọn. Bó bá wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé ìwé, àwọn ọmọ Nàìjíríà á yíjú sí fèrèsé. Bó bá ní òjò ń rọ̀ níta, wọn á yọjú wò ó kí wọ́n tó gbà á gbọ́. Kí snow àkọ́kọ́ tó bọ́, ó fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀ láìparí, ó di ẹrù rẹ̀, ó sì kúrò ní Calgary. Kò sí ẹnì kan tó sìn ín dé ibùdókọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ti Bámgbóyè kọ́gbọ́n. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹni tá a bá jọ jáde nílé, ká jọ padà sílé, bó ti wù kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo tó. Bá a bá sì ṣàṣìṣe, ká tètè jẹ́wọ́, nítorí àìdúró nìkan kọ́ ló gba ẹsẹ̀ Akínbámi. Ọjọ́ márùn-ún tí irọ́ fi jókòó lẹ́nu ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló gbà á.