Ọjọ́ Tí Àparò Dáhùn

Ní aago mẹ́fà àárọ̀, èmi àti Bàbá Ọdẹ́wálé ti wà nídìí ẹ̀rọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbọ́ ohùn ẹyẹ. Ọdún kẹsàn-án rèé tí a ti ń jí wá síbí. Ó ti sú mi. Àparò, olè oko lásánlàsàn, ni wọ́n yà sára àsíá ìpínlẹ̀ wa. Òfin sì ní bí ẹyẹ àsíá bá ti kú tán, kí wọ́n da ìpínlẹ̀ náà pọ̀ mọ́ òmíràn. Tiwa ti kú tán tipẹ́. Bàbá, tó ti fìgbà kan ṣọdẹ, ló ń ké dípò rẹ̀.

"Bàbá, ẹ ké e ká máa lọ."

Ó wúkọ́, ó káwọ́ bo ẹnu, ó ké. Ẹ̀rọ sọ̀rọ̀: "Àparò ti ké." Mo buwọ́ lùwé.

Ni ohùn kan bá dáhùn láti inú igbó.

Bàbá di apá mi mú. "Àparò ni! Akọ ni!"

Ẹyẹ náà tún ké. Iná pupa tàn lára ẹ̀rọ: "Ohùn àjèjì, ẹ̀ẹ̀kejì. Bó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, a ó tún gbogbo ohùn àtẹ̀yìnwá yẹ̀ wò."

Ohùn Bàbá ni ẹ̀rọ mọ̀ sí ohùn àparò. Bí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò, àṣírí tú, ìpínlẹ̀ wa parẹ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lé e lọ."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó he òkúta kan.

"Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi pè é o," ló wí, ó sì ju òkúta náà sínú igbó.