Ọ̀nà Tó Dá

Ọkọ̀ kọ̀, kò gbéra. Ó ń dúró kí Àṣàbí yan ohùn afọ̀nàhàn tí yóò tẹ̀ lé. Ohùn kan ṣoṣo ni òfin gbà, ẹni tó bá sì ti yàn kò lè yí i padà mọ́ títí yóò fi dé ibi tó ń lọ.

Ní ìjókòó ẹ̀yìn, Fẹhíntọlá ọmọ rẹ̀ ń rọbí. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yan èyí tó yá!"

Ẹ̀rọ afọ̀nàhàn inú ọkọ̀ ní, "Ẹ gba àárín ìlú lọ sí ilé ìwòsàn. Ọ̀nà dá, kò sí ọkọ̀ kankan níbẹ̀."

Fóònù ọwọ́ Àṣàbí ní, "Ẹ gba ẹ̀yìn odò. Ó jìn, ṣùgbọ́n ẹ gbà á."

"Ẹ̀yìn odò kẹ̀? Ṣé inú mọ́tò lẹ fẹ́ kí n bímọ sí ni?"

Ọwọ́ Àṣàbí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan bọ́tìnì ọkọ̀ kó tó dúró. Ọ̀sán ọjọ́ ọjà, àárín ìlú wá dá?

Ó bi fóònù pé, "Kí ló wà láàárín ìlú?"

"Mi ò mọ̀. Láti àárọ̀, kò sí fóònù obìnrin kan tó jáde níbẹ̀."

Àṣàbí wá rántí. Wàhálà ìrọbí ti mú un gbàgbé ìkéde àná: Orò ń jáde lónìí, obìnrin kì í sì í fojú kàn án.

Ó tẹ fóònù. Ọkọ̀ yà sí ọ̀nà odò.

"Màámi, mi ò lè dúró!"

"Wàá dúró, ọmọ mi."

Láti ọ̀nà tó dá náà ni Orò ti ké. Fẹhíntọlá fi eyín mú ìborùn rẹ̀, ó sì gbé igbe tirẹ̀ mì.