Káńfọ̀ Inú Àpótí Màmá

"Màmá, kí lẹ fi wẹ̀ ẹ́?"

"Omi."

"Omi nìkan?"

"Omi àti ọṣẹ dókítà, èyí tí kì í hó yẹn."

"Ẹ ò fi ọṣẹ dúdú kún un?"

"Èwo nínú ọṣẹ dúdú, Gbémi? Ṣé èyí tó o sọ sí gọ́tà níṣojú mi?"

Gbémi ká apá aṣọ ọmọ rẹ̀ sókè. Inú ìgúnpá Tóyọ̀sí ti pọ́n, ọrùn rẹ̀ ti bó. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni.

Dókítà ti sọ pé kì í ṣe làpálàpá, kì í sì í ṣe kúrúnà. Ẹ́kísímà ni. Kò sí oògùn tó ń lé e lọ pátápátá. Kí wọ́n ṣáà máa ṣọ́ ohun tó ń tọ́ ọ níjà, pàápàá ohunkóhun tó bá ń ta sánsán.

Gbémi kó pọ́dà dà nù. Ó gbé lọ́fínńdà tirẹ̀ fún aládùúgbò. Ó ra ìwé kékeré kan, ó ń kọ bí ara ọmọ ṣe rí lójoojúmọ́ sínú rẹ̀. Orí ọkọ̀ ojú omi ni Túnjí, ọkọ rẹ̀, ti ń ṣiṣẹ́. Màmá, ìyá Túnjí, ló wà pẹ̀lú wọn nílé ní Festac, tó ń tọ́jú ọmọ bí Gbémi bá ti lọ síbi iṣẹ́ ní Trade Fair.

Láràárọ̀, Gbémi á bu òróró àdúrà sí àtẹ́lẹwọ́, á fi pa ọmọ lọ́rùn àti lápá, á gbàdúrà títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Màmá á ṣe àmín, á sì sín. Bí Gbémi bá dé nírọ̀lẹ́, táwẹ́lì kékeré kan á wà lórí okùn. Kò béèrè rẹ̀ rí.

Lẹ́yìn oṣù kan, ó ṣí ìwé náà síwájú Màmá.

"Mọ́ńdè sí Fúráídè, ara rẹ̀ á rọ̀. Sátidé àti Sọ́ńdè, á tún yọ. Sátidé lẹ sì máa ń ṣí àpótí yín."

"Aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń yọ."

"Káńfọ̀ inú rẹ̀ ńkọ́? Ṣebí òun ló ń mú ẹ̀yin náà sín."

"Káńfọ̀ tí ò lẹ́sẹ̀." Màmá wo ìwé náà. "Ṣé o kọ ohun tí ìwọ ń ṣe ní Sátidé?"

"Èmi? Ilé ni mo máa ń wà. Òun nìkan ni mo máa ń tọ́jú."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Màmá wí.

Wọ́n da káńfọ̀ nù. Wọ́n fọ gbogbo ìró Màmá. Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ẹ̀jẹ̀ wà lórí ìrọ̀rí Tóyọ̀sí. Gbémi fi ìbọ̀sẹ̀ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ kó má baà họra. Ọmọ náà fi eyín fà á yọ.

"Mọ́mì, ẹ bá mi họ ọ́."

Gbémi di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. Kò mọ ohun mìíràn tó lè ṣe. Ó gbé òróró, ó pa á lẹ́ẹ̀mejì. Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó la ẹnu, ó pa á dé. Ó ní àmín.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ni Gbémi wí nígbà tó yá. "Ẹ lọ sọ́dọ̀ Dàmọ́lá ní Kuje fún oṣù kan. Ọmọ yín náà ni. Ká kàn wò ó. Túnjí ti gbà."

"Túnjí ti gbà."

"Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, Màmá. Mi ò mọ ohun tí mo tún lè mú kúrò nílé yìí mọ́."

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, Gbémi bá a gbé àpótí sínú kẹ̀kẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń dán fún òróró. Màmá wọ kẹ̀kẹ́ náà, ó jókòó, ó na táwẹ́lì kékeré náà sí i.

"Gbà, Ìyá Tóyọ̀sí, mi ò lè ní kó o má gbàdúrà fọ́mọ ẹ, àmọ́ tó o bá ti jáde ni mo máa ń fi omi nu òróró yẹn kúrò lára ẹ̀, Sátidé àti Sọ́ńdè nìkan ni mi ò kì í ráyè nù ún."