Ilé Oúnjẹ Tí Bùsàrí Yàn

Bùsàrí kò fẹ́ kí àwọn àlejò rẹ̀ jẹun nílé.

"Bàbá Raliat, kí ló ṣe ọbẹ̀ tèmi?" ni Memunat ìyàwó rẹ̀ ń bi í.

Ó kó àwọn àlejò rẹ̀ jáde.

Sálíù àti ẹnìkejì rẹ̀ wá láti Lọ́kọ́ja láti ra ekùrọ́. Ilé oúnjẹ tó dára jù ní Ìkàrẹ́ kò jìnnà sí mọ́ṣáláṣí.

Bùsàrí mú wọn kọjá níbẹ̀. Ìlú Ọ̀kà ló ń mú wọn lọ, sí búkà Limota, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ pé iyọ̀ máa ń pọ̀ nínú ọbẹ̀ rẹ̀.

"Ọ̀nà yìí mà jìn," ni Sálíù ń wí. "Ṣé oúnjẹ ibẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ ni?"

"Ẹ ní sùúrù. Ẹ ó rí i."

Àgbà ọkùnrin márùn-ún ti jókòó síbẹ̀. Kò sí ẹni tó ń jẹun nínú wọn.

Limota kúnlẹ̀, ó ń bu omi sí Sálíù lọ́wọ́. Ọwọ́ ọ̀tún Sálíù kò ní àtàńpàkò.

Limota dá omi dúró.

"Òun ni," ló wí.

Bùsàrí fi igi dábùú ilẹ̀kùn. Àwọn àgbà márùn-ún náà dìde.

Ní ọdún méjìlá sẹ́yìn, nígbà tí wọ́n ṣì ń kó èèyàn lẹ́rú, ọmọbìnrin méje ni ọwọ́ yẹn dè lókùn lóko Ugbe. Limota nìkan ló sá padà wálé.

"Sálíù," ni Bùsàrí ń wí jẹ́jẹ́, "níbo lo ta Raliat sí?"